Ìsun Omi Ìkógòsì

Òkè kún Èkìtì, ṣùgbọ́n kò sí adágún ńlá kan tí àwọn òkè náà gbé ró. Omi Urejẹ ní Adó-Èkìtì jọ adágún lóòótọ́, àmọ́ dáàmù ni wọ́n fi sé e. Ní Kamẹrúùnù, òkè ayọnáyèéfín ló lu ihò tí adágún Nyos wà nínú rẹ̀. Ní Gánà, òkúta tó já láti ojú ọ̀run ló gbẹ́ ti Bosomtwe. Nǹkan bẹ́ẹ̀ kò bá ilẹ̀ Èkìtì. Inú àpáta ni omi òkè tiwa ń sá sí, ìlú Ìkógòsì ló sì ti yọjú lọ́nà àrà.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Adó á gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àrámọkọ, kó tó yà sí ọ̀nà Erìnjìyàn. Ìsun méjì ló wà nínú igbó Ìkógòsì, ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù. Níbi tí wọ́n ti pàdé, èèyàn lè ti ẹsẹ̀ kan bọ èyí, kó ti ìkejì bọ ìyẹn, kó sì mọ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kò sí iná kankan lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Àpáta quartzite tó wà ní agbègbè náà ti sán. Òjò ń gba pàlàpálá rẹ̀ wọlẹ̀ lọ jìnnà. Bí ilẹ̀ bá sì ṣe jìn tó ni ooru inú rẹ̀ ń pọ̀ tó. Omi tó bá rí ọ̀nà tètè gòkè padà kò ní tíì tutù tán. Ìwọ̀n ooru èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lójú ìsun jẹ́ nǹkan bí 37 sí 38 lórí Celsius. Àwọn kan máa ń kọ 70, ṣùgbọ́n ta ni yóò wẹ̀ nínú ìyẹn?

Àwọn àgbà ní tiwọn sọ pé orogún méjì ni ìsun méjèèjì tẹ́lẹ̀, ìyàwó ọdẹ kan. Ìjà wọn ló sọ wọ́n di omi. Oníbìínú ni èyí tó gbóná.

Òyìnbó oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, John McGee, ló kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ibùdó àpéjọ ìjọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1950, òkìkí omi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, ó di ohun àmúyangàn ìpínlẹ̀ tuntun náà. Ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí tún ibùdó ìgbafẹ́ rẹ̀ ṣe ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, láàárín 2010 sí 2014. Wọ́n tún ti rọ omi náà sínú ìgò tà rí, Gossy lorúkọ tí wọ́n fún un lọ́jà.