Òdòdó Chamomile àti Ìgò Oorun

Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ bíi tèmi, tí oorun ti di ọ̀wọ́n fún láti bí oṣù mélòó kan, gbé ìgò kékeré kan wá hàn mí. Wọ́n kọ apigenin sí i lára, 50 mílígráàmù nínú kápúsù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé láti ayébáyé ni àwọn ènìyàn ti ń fi í sùn. Ó bi mí pé, "Ìwọ tí o ń kọ́ni ní ìtàn, ṣé òótọ́ ni èyí?" Ìbéèrè yẹn ni mo wá ìdáhùn sí, ohun tí mo sì rí ni mo mú wá fún yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Òdòdó wà, èròjà inú rẹ̀ sì wà. Òdòdó náà ni chamomile, funfun ni etí rẹ̀, àárín rẹ̀ sì dà bí pupa ẹyin. Àwọn ará Gíríìsì ló sọ ọ́ ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ápù ilẹ̀, nítorí pé ó ń ta sánsán bí èso ápù. Àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì sì ń pè é ní manzanilla, èyíinì ni ápù kékeré. Dioscorides, oníṣègùn Gíríìkì ayé àtijọ́, kọ̀wé nípa ìlò rẹ̀ fún inú tó ń fẹ́ àti òkúta inú kíndìnrín. Nígbà tó yá, tíì rẹ̀ di oògùn àwọn ìyá nílẹ̀ Yúróòpù. Nínú ìtàn Peter Rabbit tí Beatrix Potter tẹ̀ jáde ní 1902, tíì yìí ni ìyá ehoro fún ọmọ rẹ̀ aláìgbọràn nígbà tó fẹ́ sùn, lẹ́yìn tí ó ti jẹ àjẹjù nínú oko olóko tí wọ́n sì lé e bọ̀. Òdòdó náà sún mọ́ ibùsùn nígbà náà. Èmi kò jiyàn.

Ṣùgbọ́n apigenin ńkọ́? Kì í ṣe ara chamomile ni orúkọ rẹ̀ ti wá rárá. Ní 1843, Henri Braconnot, onímọ̀ kẹ́místrì kan ní ìlú Nancy nílẹ̀ Faransé, yọ nǹkan kan jáde lára parsley, ewé tí àwọn Òyìnbó ń wọ́n sí ọbẹ̀. Ó pè é ní apiin, láti ara Apium, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un ní èdè Látìn. Bí a bá yọ ṣúgà ara apiin kúrò, apigenin ló kù. (Ehoro Potter náà, parsley ló ń wá kiri nígbà tí inú rẹ̀ dàrú, kó tó lọ mu tíì chamomile lálẹ́. Apigenin ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́!) Inú ìdílé àwọn èròjà tí à ń pè ní flavonoid ló wà, orúkọ tí ó ti ara ọ̀rọ̀ Látìn fún àwọ̀ ìyeyè wá. Aró ló wà nínú orúkọ náà, kò sí oorun níbẹ̀.

Báwo ni aró ṣe wá di oorun? Ọ̀nà rẹ̀ gba ibòmíràn. Ilé-iṣẹ́ Hoffmann-La Roche gbé Librium jáde ní 1960, ó sì gbé Valium jáde ní 1963, àwọn oògùn tí ń mú ọkàn balẹ̀. Ní 1977, àwọn olùwádìí ní Dẹ́nmáàkì àti Swítsáláńdì rí ibi tí irú oògùn wọ̀nyí ń so mọ́ nínú ọpọlọ. Àwọn mìíràn wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá ewéko náà ní ohun tó lè so mọ́ ibẹ̀. Medina àti Paladini pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Buenos Aires wà lára wọn, ní ìlú tí manzanilla ti jẹ́ tíì inú ilé. Ní 1995 wọ́n kọ̀wé pé apigenin inú chamomile ń so mọ́ ibẹ̀. Wọ́n gún èkúté lábẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù àwọn èkúté náà sì dín kù, wọ́n jáde sí gbangba ibi gíga tí wọn ì bá sá fún.

Ibí yìí ni mo ti dúró, tí mo tún un kà. Ní ìwọ̀n abẹ́rẹ́ yẹn, àwọn èkúté náà kò tòògbé, iṣan wọn kò sì dẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n sọ ìwọ̀n náà di ìlọ́po mẹ́wàá ni oorun díẹ̀ tó dé. Ìwé tí a fi ń ta ìgò oorun kọ́kọ́ yin oògùn náà pé kì í múni sùn! Ní 2000, àwọn ará Ítálì ní Modena tún tako wọn: wọ́n ní ó dín ìrìnkèrindò eku kù, ṣùgbọ́n kò lé ẹ̀rù, àti pé kì í ṣe ibi tí Valium ń so mọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ti ènìyàn kò gùn púpọ̀. Ní 2009, àwọn oníṣègùn ní Philadelphia fún àwọn tí àníyàn ń dà láàmú ní omi ara òdòdó chamomile tí a gbẹ sínú kápúsù. Ènìyàn 57 ló kópa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àníyàn àwọn tó lò ó sì rọlẹ̀ díẹ̀ ju ti àwọn tí wọ́n fún ní kápúsù òfìfo lọ. Ní 2011, wọ́n dán irú rẹ̀ wò ní Michigan lára ènìyàn 34 tí kì í rí oorun sùn, fún ọjọ́ 28; oorun àwọn tó lò ó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò lò ó. Omi ara òdòdó ni àwọn méjèèjì sì lò. Kápúsù ti Philadelphia kọ̀ọ̀kan kò ní tó 3 mílígráàmù apigenin. Ti ọ̀rẹ́ mi jẹ́ 50.

Ní tèmi, ẹni tó kọ̀wé sára ìgò náà bọ́ agbádá baba ńlá, ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ àná. Òdòdó ló dàgbà. Kápúsù kò tíì dàgbà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó mi ìgò náà, ó ní ó ku kápúsù mẹ́fà, àti pé nítorí iye tí òun rà á, òun yóò lò ó tán.