Oje àti Òkúta: Ìtàn Ìdíhò Eyín Funfun

Kí ni ó dé tí ohun funfun tí dókítà eléyín fi ń dí ihò eyín fi pẹ́ kí ó tó yẹ fún eyín tí a fi ń rún oúnjẹ?

Fún ọdún tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, àdàlù fàdákà àti mákúrì ni ó gbajúmọ̀ jù fún iṣẹ́ náà. Ó le, ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ mọ́ eyín; dókítà a máa gbẹ́ lára ibi tí kò ní àrùn kí ó lè há síbẹ̀.

Ní 1955, Michael Buonocore, ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá fi ásíìdì pa èèpo eyín fún ìdajì ìṣẹ́jú, ara rẹ̀ yóò rí ṣákiṣàki, oje acrylic yóò sì rí ibi dì mú. Ní 1962, Rafael Bowen gba ìwé ẹ̀rí olùdásílẹ̀ fún oje tuntun tí a ń pè ní Bis-GMA. Ó po lẹ́búlẹ́bú òkúta mọ́ ọn, ó sì fi silane pa òkúta náà lára kí ó lè so mọ́ oje. Oje nìkan rọ̀ jù; òkúta nìkan kò lè dì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Síbẹ̀, ní àwọn ọdún 1970, ìdíhò náà kò pẹ́ lórí eyín ẹ̀yìn. Oje tí ó wà láàárín àwọn hóró òkúta ni ó ń kọ́kọ́ jẹ, lẹ́yìn náà hóró òkúta a bọ́, ojú ìdíhò a sì jìn bí ọlọ tí ó ti gbó. Wọ́n wá lo hóró tí ó kúnná gan-an, ó kéré ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ. Ìyẹn dán, ṣùgbọ́n oje kò lè gba púpọ̀ nínú rẹ̀, kò sì lágbára tó. Ní àwọn ọdún 1980, a pa hóró ńlá àti kékeré pọ̀, bí bíríkìlà ti í fi yanrìn dí àlàfo àárín òkúta.

Ìṣòro kan kò tíì tán. Bí oje bá ti ń le ni ó ń súnkì, nǹkan bí ìdá 2 sí 3 nínú 100. Bí etí ìdíhò bá là, kòkòrò a gba ibẹ̀ wọlé. Lónìí, ìjẹrà tuntun lẹ́bàá ìdíhò àti fífọ́ ni ó ń ba púpọ̀ jẹ́, kì í ṣe jíjẹ ojú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ará ìlú gbogbo, nítorí àdéhùn Minamata ti 2013 ní kí àwọn orílẹ̀-èdè dín lílo àdàlù mákúrì kù. Ohun tí a óò fi rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè rún ẹran àti àgbàdo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹwà nìkan kò tó.