Omi Ìkògòsì àti ooru tí à ń dà nù

Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi ní Ọ̀dà níbí, pé kí ló dé tí ìjọba ò fi “oru” Ìkògòsì ṣe iná mànàmáná. (Kò fi àmì ohùn sí i. Mo kọ́kọ́ rò pé òru ló ń wí, ooru ni!) Ìbéèrè gidi ni, torí ìpínlẹ̀ kan náà ni àwa àti Ìkògòsì títí di 1996 tí wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀.

Ní Larderello, ní Ítálì, lọ́dún 1904, Piero Ginori Conti fi èéfín omi tó ń tú jáde látinú ilẹ̀ tan gílóòbù márùn-ún. Nígbà tó di 1913, ilé iṣẹ́ iná ti wà níbẹ̀. Wairakei ní New Zealand tẹ̀ lé e ní 1958. Èéfín nìkan ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Omi gbígbóná tó bá a jáde, odò ni wọ́n ń da púpọ̀ nínú ẹ̀ sí. Ní 1967, àwọn ará Rọ́ṣíà fi hàn ní Paratunka pé omi tí kò tilẹ̀ tíì hó, bíi dígírì 81, lè ṣe iná: ẹ fi gbé nǹkan olómi mìíràn tó tètè ń hó kaná, kí èéfín ìyẹn yí ẹ̀rọ. Wairakei ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2005, wọ́n sì rí mẹ́gáwáàtì bíi 14 nínú omi àdànù.

Ìyá wa ò kúkú lọ Rọ́ṣíà kí wọ́n tó so ìrúgbìn àgbàdo rọ̀ sókè ààrò. Ọbẹ̀ ń hó nísàlẹ̀, èéfín ń lé kòkòrò lókè.

Ìkògòsì wá ńkọ́? Bíi dígírì 38 ni omi ẹ̀ ní orísun, ó fi díẹ̀ ju ara èèyàn lọ. Ó dáa fún ìwẹ̀, kò lè yí ẹ̀rọ.

Ibi tí ooru ti ń ṣòfò lọ́dọ̀ wa ni Ọmọ́tọ̀ṣọ́, lápá Òkìtìpupa. Ẹ̀rọ gáàsì ni wọ́n ń lò níbẹ̀, agbára ìpín àkọ́kọ́ tó mẹ́gáwáàtì 335. Bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń gba ṣímínì jáde lè lé ní dígírì 500, ojú ọ̀run ló ń gbà lọ. Ní Azito, l'Ábíjánì, irú ooru yìí ni wọ́n fi ń se omi. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀ ní 2015, agbára ilé iṣẹ́ náà kúrò ní bíi mẹ́gáwáàtì 290, ó di bíi 430, gáàsì ò sì lé sí i.

Ṣùgbọ́n owó ńlá ni ẹ̀rọ kejì yìí, iná àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ máa jó déédéé kó tó mówó wọlé. Gáàsì kì í fìgbà gbogbo dé Ọmọ́tọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni mo bá ìbéèrè ọmọ mi yẹn dé, mo sì ti fèsì fún un bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn.