Iṣẹ́ Amí Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì: Láti Fernando Po dé Ààlà Kétu

Ní ọdún 2024 ni sinimá The Ministry of Ungentlemanly Warfare, tí Guy Ritchie darí, jáde. Ó dá lórí àwọn amí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán lọ jí ọkọ̀ ojú omi gbé ní erékùṣù Fernando Po, tó wà lábẹ́ Sípéènì nígbà náà. Bí àwa olùkọ́ yóò bá fi sinimá yìí kọ́ ọmọ ní ìtàn, ó yẹ kí a wo ohun tí ó fi kún un, kí a sì wo ohun tí ó fò dá.

Òru ọjọ́ 14 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1942 ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Èkó ni wọ́n ti gbéra, nínú ọkọ̀ méjì, Vulcan àti Nuneaton. Richard Lippett ti wà níwájú ní Santa Isabel, tí í ṣe Malabo òde òní. Iṣẹ́ John Holt ni ó fi bojú. Òun ló wà nídìí àsè tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ Duchessa d'Aosta ti Ítálì lọ jẹ lóru náà. Kí wọ́n tó jẹun tán, ọkọ̀ ti lọ. Gẹ̀ẹ́sì ní orí òkun gbangba ni àwọn ti rí i. Irọ́ gbáà! Òkú tó sùn lọ bẹẹrẹ nínú sinimá, àfikún ni. Àwọn tó lọ kò pàdánù ẹnì kan.

Èkó kan náà ni Louis Franck àti àwọn amí rẹ̀ ti ń ṣọ́ Dàhòmì. Faransé juwọ́ sílẹ̀ fún Jámánì ní oṣù Òkúdu 1940, Dàhòmì sì bọ́ sábẹ́ ìjọba Vichy. Bẹ́ẹ̀ ni ààlà tí àwọn òyìnbó pa ní 1889 di ojú ogun. Sinimá kò dé ibí yìí. Ààlà yìí ti fi Kétu fún Faransé, ó fi Ìwòyè-Kétu àti Ìmẹ̀kọ fún Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ọmọ Alákétu ni gbogbo wọn. Ẹni tó lọ kí ìyá rẹ̀ ní Kétu ti wọ ilẹ̀ ọ̀tá.

A. I. Asíwájú ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1976 bí àwọn ará Kétu ṣe ń sá wọ apá Gẹ̀ẹ́sì nítorí iṣẹ́ àfipáṣe, owó orí àti kíkó wọn ṣe sójà. Lójú tiwa, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì gbé ìròyìn dání: ó mọ abúlé tí wọ́n ti kó ènìyàn, ó mọ ọ̀nà tí sójà ń gbà. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ má pè é ní amí, kí ó má sì pè é ní olófòófó. Amí ni ẹni tí a rán. Olófòófó ni ẹni tí ẹnu ń yún. Ẹni tó sá wá yìí, ara rẹ̀ ló ń gbà là.

Ní ìparí 1942, Boisson, gómìnà àgbà ní Dakar, yí padà sẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ amí tán lórí ààlà. Iṣẹ́ àfipáṣe kò tán títí di 1946.