Àríyànjiyàn Lórí Rédíò ní Ọdún 1948

Irú ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì tí ẹ fi ń gbọ́ ohùn mi yìí ni àwọn ará Ìlú Ọba fi gbọ́ àríyànjiyàn ńlá kan lórí BBC ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948: ǹjẹ́ làákàyè lè fi hàn pé Ọlọ́run wà? Frederick Copleston, àlùfáà ẹgbẹ́ Jésúìtì, ní bẹ́ẹ̀ ni. Bertrand Russell, ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò, ní òun kò rí ẹ̀rí tó tó.

Nílé ni Copleston ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó dá ara rẹ̀. Òbí ló bí wa, afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ ló ń gbé wa ró. Bí ohun gbogbo láyé bá rí bẹ́ẹ̀, Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí kò gbára lé ohunkóhun. Russell kò gbà. Ó ní olúkúlùkù ènìyàn ló ní ìyá, ṣùgbọ́n ìran ènìyàn lápapọ̀ kò ní ìyá. Ayé kàn wà ni. (Èsì náà mú, kí á sọ òtítọ́.) Copleston fèsì pé ẹni tó bá kọ̀ láti jókòó ti ọpọ́n, kò sẹ́ni tó lè pa á láyò.

Níbẹ̀ ni mo ti gbè sẹ́yìn Copleston. Bí ọmọ yín tó wà ní yunifásítì bá ní àìmọ̀wé ló ń gbé yín lọ sí Mísà, ẹ má bá a bínú. Ẹ ní kó jókòó ti ọpọ́n.

Kò sí èyí tó yí èkejì lọ́kàn padà. Russell kú ní 1970, Copleston ní 1994. Copleston kọ ìtàn àwọn onírònú ayé ní ìdìpọ̀ mẹ́sàn-án. Orúkọ Russell ló sì gbẹ̀yìn àkọlé ìkẹjọ, tó jáde ní 1966.