Irọ́ nípa ìlera lórí WhatsApp: bó ṣe ń rìn, àti bí a ṣe lè dá a dúró



Ẹni tó bá ní fóònù lónìí, irú ọ̀rọ̀ yìí á ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí: "Ẹ mu èyí kí ilẹ̀ tó mọ́, àrùn kò ní wọlé yín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ fẹ́ràn." Àwa tí à ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́, ọ̀rọ̀ náà kàn wá gan-an. Ní abúlé, ohun tí olùkọ́ bá fi ránṣẹ́, òótọ́ ni àwọn òbí ń kà á sí. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ àlàyé yìí.

Ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ ní 2014

Ní 20 Oṣù Keje 2014, arìnrìn-àjò kan láti Liberia gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó. Ẹ̀rù ba gbogbo ènìyàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí fóònù lóru: kí oníkálukú fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kó sì mu nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń pe ara wọn jí láàárín òru. Wọn kò ṣe é láti pa ẹnikẹ́ni lára, ìfẹ́ ló fà á.

Ní 15 Oṣù Kẹjọ, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé ìròyìn ti dé pé ènìyàn 2 kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ẹ̀bólà fúnra rẹ̀ mú ènìyàn 20 níbẹ̀, 8 kú, wọ́n sì kéde ní 20 Oṣù Kẹwàá pé ó ti parí. Àwọn tó mu omi iyọ̀ yẹn kò ní Ẹ̀bólà rárá.

Kí ló dé tí iyọ̀ fi lè pa ènìyàn?

Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí kékeré kan. Tí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń fa omi kúrò nínú ara, títí kan ọpọlọ. Ènìyàn lè máa bì, kí gìrì mú un, kó dákú, kó sì kú. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ewu tirẹ̀ tún pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀, èébì àti ìgbẹ́ ẹni tó ní Ẹ̀bólà, tàbí òkú ẹni tí àrùn náà pa, ni ènìyàn ń fọwọ́ kàn kó tó kó o. Omi iyọ̀ kò lè dí ọ̀nà yẹn.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Oṣù Kẹta 2020, nígbà Kòrónà. Àwọn kan ní Èkó lo oògùn chloroquine, èyí tí àwa níbí mọ̀ sí Nivaquine, láìbi dókítà, wọ́n sì di èrò ilé ìwòsàn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rìn

Nígbà tó di 2019, ilé-iṣẹ́ WhatsApp ní ènìyàn kò lè fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ síbi tó ju 5 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ́ kan sì lè gba ènìyàn 256 nígbà náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹgbẹ́ 5, ènìyàn 1280, láti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ní Oṣù Kẹrin 2020, wọ́n tún dín in kù: ọ̀rọ̀ tó bá ti lọ káàkiri jù, ibì kan péré la lè fi í ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan.

Kò sí ará ìta tó lè rí ohun tó wà nínú ẹgbẹ́ yín. Ìyẹn dára fún àṣírí wa, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé dókítà kò lè bá wa tún irọ́ náà ṣe. Àwa tí a wà nínú ilé la máa tún un ṣe.

Kí ló dé tí a fi ń gbà á gbọ́?

Àkọ́kọ́, ẹni tí a mọ̀ ló fi ránṣẹ́. Èkejì, ẹ̀rù ń bà wá. Ẹ̀kẹta ló dùn wá jù: ìkìlọ̀ ìjọba sábà máa ń jáde ní Faransé lórí ìwé, àmọ́ irọ́ a máa dé ní Yorùbá, pẹ̀lú ohùn ènìyàn. Ìyá tí kò lọ sílé ìwé, èwo ni ẹ rò pé ó máa gbọ́?

Àmì tó yẹ ká ṣọ́

– Ọfà méjì lórí ọ̀rọ̀ náà: ó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.
– "Dókítà ńlá kan sọ pé", láìsí orúkọ, láìsí ilé ìwòsàn.
– Kò sí ọjọ́ lórí rẹ̀.
– Oògùn kan tó ń wo gbogbo àrùn.
– "Ẹ má lọ sílé ìwòsàn", tàbí "ẹ tètè fi ránṣẹ́".

A kò bú àgbo o. Àwọn bàbá wa mọ ewé. Ṣùgbọ́n oníṣègùn gidi máa ń bi aláìsàn léèrè kó tó fún un lóògùn. Fóònù kì í bi ènìyàn léèrè.

Kí ni ká ṣe?

Ẹ dúró ná. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí tó wà nítòsí yín. Ẹni tó gbọ́ Faransé lè wo Banouto níbí ní Bẹ̀nẹ̀, tàbí Africa Check, tí wọ́n ń yẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wò.

Tó bá jẹ́ àgbà ló fi irọ́ ránṣẹ́, ẹ má ṣe dójú tì í láàárín ẹgbẹ́. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ẹ kú àníyàn wa, Mọ̀mọ́. A béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó ní èyí lè pa ènìyàn lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa á rẹ́." Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohùn yín gba òtítọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kẹ́ ẹ fi í sínú ẹgbẹ́ kan náà. Ibi tí irọ́ gbà wọlé ni kí òtítọ́ gbà wọlé.

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ wa.