Yíìsì Bíà Abẹ́lé: Rírà, Ìmúrasílẹ̀ àti Àtúnlò Rẹ̀

Yíìsì, tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní ìwúkàrà, jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín, ìbátan olú, tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sínú omi tí ṣúgà wà, yóò jẹ ṣúgà náà, yóò sì sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì. Gáàsì yìí ló ń mú kí bíà máa hó. Yíìsì náà ló tún ni púpọ̀ nínú òórùn àti adùn bíà. Nítorí náà, iṣẹ́ apọntí kò ju kí ó se oúnjẹ fún yíìsì, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ títí tí yóò fi jẹun tán. Ẹni tó ra ọkà àtàtà, tó ra òdòdó kíkorò hops olówó ńlá, tó wá da yíìsì tó ti kú sí i, omi dídùn tí yóò bàjẹ́ ló ní lọ́wọ́.

Ó pẹ́ kí aráyé tó mọ̀ ọ́n. Òfin tí wọ́n ṣe ní Bavaria, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1516 sọ pé ọkà bálì, hops àti omi nìkan ni kí wọ́n máa fi pọn bíà. Kò dárúkọ yíìsì rárá, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú gbogbo àgbá ọtí ìlú náà. Àwọn apọntí ìgbà yẹn mọ̀ pé bí wọ́n bá bu ìfófó tàbí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ọtí àná sínú ti òní, ti òní yóò tètè hó. Wọn kò mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ní 1680, Antonie van Leeuwenhoek, ará ilẹ̀ Netherlands, fi dígí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo yíìsì, ó rí i ní róbótó-róbótó, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ó lẹ́mìí. Louis Pasteur ti ilẹ̀ Faransé ló wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ni. Ìwé rẹ̀ lórí bíà, tó jáde ní 1876, ṣàlàyé pé àwọn kòkòrò àìlèfojúrí mìíràn tó bá yọ́ wọ inú ọtí ló ń bà á jẹ́.

Ní 1883, Emil Christian Hansen, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí iléeṣẹ́ bíà Carlsberg ní Copenhagen, ya ẹyọ yíìsì kan ṣoṣo sọ́tọ̀, ó sì ń bọ́ ọ títí tó fi di púpọ̀. Láti ìgbà náà ni apọntí ti lè mọ irú yíìsì tí òun ń lò gan-an. J. C. Jacobsen, tó dá Carlsberg sílẹ̀, kò fi yíìsì náà ṣe àṣírí; ó fún àwọn apọntí mìíràn láìgba kọ́bọ̀. Ní 2016, iléeṣẹ́ náà tún pọn bíà láti inú yíìsì tí wọ́n bá láàyè nínú ìgò àtijọ́ kan tó ti wà láti ayé Hansen.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Yíìsì ale, Saccharomyces cerevisiae, ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín 15 sí 24°C, kì í sì í pẹ́ kó tó parí. Yíìsì lager, Saccharomyces pastorianus, fẹ́ràn òtútù, 8 sí 14°C, ó sì ń gba sùúrù. Star àti Trophy tí wọ́n ń tà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, lager ni wọ́n. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń pọn wọ́n ní ẹ̀rọ amúǹkantutù ńláńlá. Àwọn onímọ̀ rí i pé ọmọ olóríṣi òbí méjì ni yíìsì lager. Òbí kan ni cerevisiae. Òbí kejì, Saccharomyces eubayanus, ni wọ́n kéde ní 2011 pé wọ́n ti rí nínú igbó Patagonia, ní Argentina.

Ooru ni wàhálà apọntí tó bá wà ní Èkó tàbí Kùtọnu. Bí yíìsì ale bá ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tó gbóná tó 30°C, òórùn tó máa ń fi sílẹ̀ kì í dára: ó lè máa rùn bí ohun tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná. Ìdí nìyí tí yíìsì kveik fi yẹ ní mímọ̀. Àwọn àgbẹ̀ apá ìwọ̀ oòrùn Norway ló ni ín, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ń fi tirẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́ láti ìrandíran. Wọ́n á ti òrùka onígi bọ inú ọtí tó ń hó, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á fi í kọ́ títí yíìsì ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Bó bá di ìgbà tí wọ́n tún fẹ́ pọntí, wọ́n á sọ òrùka náà sínú ọtí tuntun. Kveik ti agbègbè Voss ń ṣiṣẹ́ ní 35 sí 40°C láìba adùn ọtí jẹ́. Lóde òní, wọ́n ń tà á ní gbígbẹ nínú pákẹ́ẹ̀tì.

Títa yíìsì fún apọntí abẹ́lé di òwò gidi lẹ́yìn tí ìjọba Britain fagi lé ìwé àṣẹ bíà abẹ́lé ní 1963, tí Ààrẹ Jimmy Carter sì fọwọ́ sí òfin tó fàyè gbà á ní Amẹ́ríkà ní 1978. Ṣáájú kí yíìsì tó dára tó pọ̀ lọ́jà, àwọn apọntí Amẹ́ríkà kan máa ń ra ìgò Sierra Nevada Pale Ale, bíà California tí yíìsì rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú ìgò, wọ́n á mu ọtí náà, wọ́n á sì bọ́ yíìsì tó kù nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á lónìí yóò bá a ní gbígbẹ tàbí ní olómi. Àwọn tó gbajúmọ̀ nídìí gbígbẹ ni Fermentis, tó jẹ́ ẹ̀ka Lesaffre ilẹ̀ Faransé, àti Lallemand ilẹ̀ Kánádà. Pákẹ́ẹ̀tì SafAle US-05 kan jẹ́ gíráàmù 11.5, ó sì tó fún lítà 20 bíà ale. Lager máa ń fẹ́ tó ìlọ́po méjì, nítorí òtútù kì í jẹ́ kí yíìsì yára bí sí i. Nídìí olómi, White Labs ti San Diego, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, àti Wyeast ti Oregon ni orúkọ wọn ròkè jù. Oríṣiríṣi ló pọ̀ nínú olómi, ṣùgbọ́n kò lè fara da ooru: inú fíríìjì náà ni ó ti ń kú díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tó bá ń rà á láti òkè òkun wá sí Nàìjíríà, gbígbẹ ni kó rà. Kó wo ọjọ́ tó wà lára pákẹ́ẹ̀tì, kó sì bi olùtajà bóyá inú òtútù ló ń kó o sí.

Yíìsì búrẹ́dì tó wà lọ́jà náà jẹ́ S. cerevisiae, ó sì lè sọ omi ọkà, ìyẹn omi dídùn tí wọ́n fi ọkà sè, di ọtí. Àmọ́ torí kí ìyẹ̀fun lè wú ni wọ́n ṣe yàn án. Kì í rọ̀ sísàlẹ̀ dáadáa bí ti bíà, ọtí rẹ̀ máa ń ṣe kùrukùru, adùn rẹ̀ sì máa ń jọ ti búrẹ́dì.

Yíìsì gbígbẹ sùn ni, kò kú. Láti jí i, apọntí á se omi, á jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́, láàárín 25 sí 30°C, á sì wọn ún tó ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n yíìsì, ìyẹn bíi mílílítà 115 fún pákẹ́ẹ̀tì kan. Á wọ́n yíìsì sójú omi náà, kò ní rò ó. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn hóró gbígbẹ náà yóò mu omi, wọn yóò rì, omi yóò sì ki. Nígbà náà ni yóò rò ó jẹ́jẹ́, tí yóò sì dà á sínú omi ọkà tó ti tutù. Omi tó ń jóni lọ́wọ́ yóò pa á. Àwọn iléeṣẹ́ kan tilẹ̀ gbà kí èèyàn wọ́n yíìsì wọn tààrà sínú omi ọkà. Èyí ó wù kí apọntí ṣe, kó kọ́kọ́ mi omi ọkà tútù náà dáadáa kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, nítorí yíìsì ń lo ọ́síjìn láti fi kọ́ ara rẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́.

Yíìsì olómi fẹ́ ìtọ́jú tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lítà 20 bíà ale tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n ń fẹ́ sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹyọ yíìsì, tó sún mọ́ bílíọ̀nù 200, èyí tó wà láàyè nínú pákẹ́ẹ̀tì tó ti pẹ́ kì í sì í tó bẹ́ẹ̀. Apọntí á kọ́kọ́ pọn bíà kékeré fún un: gíráàmù 100 ìyẹ̀fun mọ́ọ̀tì, ìyẹn omi ọkà tí wọ́n ti mú gbẹ, nínú lítà omi kan. Á sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á jẹ́ kó tutù, á dà á sínú ìgò tí wọ́n ti sè, á wá da yíìsì sí i. Á fi fọ́ìlì bo ẹnu ìgò láìdí i pa, á sì máa mì í lóòrèkóòrè. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, yóò gbé e sínú fíríìjì kí yíìsì rọ̀ sísàlẹ̀, yóò da omi orí rẹ̀ nù, yóò sì lo èyí tó kù nísàlẹ̀.

Àtúnlò ló ń dín ìnáwó kù jù. Bí wọ́n bá ti fa bíà kúrò nínú ike tó ti ń hó, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ni yíìsì tó ti bí sí i ní ìlọ́po mélòó kan. Apọntí á bu ú sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tí wọ́n ti sè, pẹ̀lú bíà díẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ fọ̀ ọ́, á da omi tí wọ́n sè tó ti tutù sí i, á mì í, á sì gbé e kalẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ìdọ̀tí hops àti èérún ọkà tó wúwo yóò kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀. Ohun funfun tó dà bí wàrà tó wà lókè wọn ni yíìsì, èyí sì ni yóò dà sínú ìgò mìíràn. Ọ̀pọ̀ apọntí kì í tilẹ̀ fọ̀ ọ́, nítorí ọtí àti ìkan inú bíà fúnra rẹ̀ ń dènà kòkòrò ju omi lásán lọ. Mílílítà 200 èyí tó ki dáadáa tó fún lítà 20. Inú fíríìjì ni kó wà, kí wọ́n lò ó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n má sì dí ìdérí rẹ̀ pinpin, nítorí gáàsì lè fọ́ ìgò.

Àwọn ìyá apọntí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ti ń ṣe irú àtúnlò yìí tipẹ́tipẹ́. Ní ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkà bàbà pọn tchoukoutou, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ọtí tó ṣáájú, tí wọ́n ń pè ní kpètè-kpètè, ni wọ́n ń dà sínú tuntun. S. cerevisiae wà nínú rẹ̀, bakitéríà tó ń mú kí ọtí kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nílẹ̀ Yorùbá, ìyókù ẹmu àná tó lẹ̀ mọ́ ara akèrègbè wà lára ohun tó ń mú kí ẹmu tètè kan.

Àtúnlò ní ààlà. Àwọn iléeṣẹ́ bíà ń tún yíìsì lò lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi maikirosíkóòpù yẹ̀ ẹ́ wò: wọ́n á fi aró methylene blue sí i, sẹ́ẹ̀lì tó ti kú á sì di búlúù. Apọntí abẹ́lé tí kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún tó fún un. Kó má gba yíìsì láti inú bíà tó le ju ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nítorí ọtí líle ti tán an lágbára. Láti inú bíà fúyẹ́ ni kó ti máa mú un lọ sínú èyí tó le, láti inú pípọ́n lọ sínú dúdú. Kó kọ ọjọ́ àti irú yíìsì náà sára ìgò, kó sì máa gbóòórùn rẹ̀ kó tó lò ó. Èyí tó dára máa ń rùn bíi bíà tàbí búrẹ́dì tuntun. Bí ó bá ń rùn kíkan, tàbí tí nǹkan bíi awọ léfòó lójú rẹ̀, kó dà á nù láìwẹ̀yìn: owó pákẹ́ẹ̀tì tuntun kéré púpọ̀ sí owó ogún lítà bíà tó bàjẹ́.